Mítà ń ka 12.4V, mọ́tò ò sì fẹ́ jí láàárọ̀: ṣé bátìrì ló kú ni, àbí nǹkan mìíràn?

Onímọ́tò_Ìbàdàn kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Mọ́tò Jàpáànù ni, ẹ́ńjìnnì 1.8. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 12V 62Ah, ti olómi, èyí tó ní ìdérí mẹ́fà lórí. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n gbé e sí i. Láàárọ̀, béèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́, sítátà á máa fà tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó lè jí lẹ́ẹ̀kẹta, ó sì lè kàn dún "kà!" kó dákẹ́. Tó bá di ọ̀sán, tí mọ́tò ti rìn díẹ̀, á jí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Rewáyà kan fi mítà wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ó ka 12.4V, ó ní bátìrì ti kú, ká lọ ra tuntun. Rewáyà kejì wọ̀n ọ́n, 12.4V kan náà ló rí, òun ní kò sóhun tó ṣe bátìrì. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ iye ṣáàjì tó wà nínú bátìrì, báwo ló sì ṣe ń mọ̀ bóyá bátìrì ọ̀hún ṣì lókun? Mítà kékeré onínọ́ńbà wà lọ́wọ́, kò sí irinṣẹ́ mìíràn.

Rewáyà_Mókọ́lá fèsì:

Ẹ ṣé tí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yá. Àwọn méjèèjì ń fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dáhùn ìbéèrè méjì ni. Iye ṣáàjì ọ̀tọ̀, okun bátìrì ọ̀tọ̀. Ẹ wò ó bí ìkòkò omi: ìkòkò lè kún dẹ́nu, kó jẹ́ pé iyanrìn ló gba ìdajì inú rẹ̀. Tí ẹ bá yọjú wò ó látòkè, omi lẹ máa rí. Ìgbà tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú lẹ ó tó mọ̀. Mítà tí ẹ fi wọn bátìrì tó dá wà jẹ́ẹ́, ẹnu ìkòkò ló ń yọjú wò. Sítátà ló ń bù ú.

Ká kọ́kọ́ mú ti ṣáàjì. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12V, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1V wá. Ìdí nìyẹn tí èyí tó yó kì í fi ka 12V géérégé. Bó bá ti sinmi, 12.6V sí 12.7V ni ó yó. 12.4V, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 12.2V, ìdajì. 12.0V, ìdá kan nínú mẹ́rin. Tó bá ti wá sí 11.8V, ẹ gbà pé ó ti ṣófo. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ o, torí bí bátìrì bá wà lófìfo, nǹkan funfun kan máa ń ṣù mọ́ ojú pléètì òjé inú rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣù, ṣáàjì á tú u. Bó bá pẹ́, á le gbagidi, kò sí ṣáàjì tí yóò tú u mọ́. Iyanrìn inú ìkòkò nìyẹn.

Ẹ ṣàkíyèsí "bó bá ti sinmi" yẹn dáadáa. Mọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn dé, ojú pléètì nìkan ni ṣáàjì lé téńté sí, kò tíì wọra. Mítà á ka 12.9V tàbí 13V, irọ́ ni, ní wákàtí mélòó kan á ti wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú, kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sáyè, ẹ tan iná iwájú ńlá fún ìṣẹ́jú 2, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n. Mítà á wà ní DC 20V, wáyà pupa sórí pọ́sítífù, dúdú sórí nẹ́gẹ́tífù, kí ẹnu rẹ̀ sì kan òjé orí bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe irin tó dì í mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọn irin ìdè yẹn, tí wọ́n á wá máa rò pé bátìrì làwọn wọ̀n.

Ó wá ku okun. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ yọ fíúsì tí wọ́n kọ EFI sí, tàbí ti ẹ̀rọ tó ń fa epo, kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí láì jí. Ẹ fi mítà sórí òjé méjèèjì, ẹni yẹn á yí kọ́kọ́rọ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, ojú yín á wà lára mítà. Nọ́ńbà tó bá kéré jù lọ ni ẹ kọ sílẹ̀. Mítà kékeré máa ń lọ́ra láti ka nǹkan, nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ fún sítátà ní ìṣẹ́jú kan láàárín láti tutù. Bí mítà yín bá ní bọ́tìnnì MIN/MAX, ẹ lò ó, òun ló ń mú ìsàlẹ̀ pátápátá.

Bí bátìrì bá yó, tí kò já wálẹ̀ kọjá 10.5V, ara rẹ̀ le. Bó bá wà láàárín 9.6V sí 10.5V, ó ń darúgbó, ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá já sísàlẹ̀ 9.6V, tí ó sì dá yín lójú pé ó yó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, okun rẹ̀ ti tán. Àmọ́ bátìrì tí kò yó, ẹ má dájọ́ fún un. Ẹ fún un ní ṣáàjì ná.

Ọ̀nà kẹta kan tún wà, òun ló jọ tiyín jù: kí sítátà máa fà tìkọ̀tìkọ̀, síbẹ̀ kí bátìrì má já kọjá 11V. Ìyẹn ni pé omi wà nínú ìkòkò, ìkòkò ò sì lábùkù, ọ̀nà tí omi ń gbà ló dí. Wáyà, tàbí ibi tí wáyà ti so mọ́ ara mọ́tò, tàbí sítátà. Ẹ lọ wọ̀n, kí ẹ mú nọ́ńbà wá.

Ilé_Ṣáàjì_Ọ̀ṣogbo fèsì:

Gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ pé. Ṣùgbọ́n ẹ ní bátìrì yín ní ìdérí mẹ́fà. Ẹni tó bá ní ìdérí mẹ́fà ní ojú mẹ́fà láti fi wo inú bátìrì, kí ló dé tí ó fi máa wo orí nìkan? Ẹ ra haidrómítà, ìgò gígùn olórí rọ́bà tí nǹkan kan ń léfòó nínú rẹ̀. Kò wọ́n. Ó ń sọ bí ásíìdì ṣe wúwo tó ju omi lásán lọ. Nígbà tí bátìrì ń tú ṣáàjì sílẹ̀, ásíìdì ń kúrò nínú omi lọ sára pléètì. Tí ẹ bá ń fún un ní ṣáàjì, ásíìdì á padà sínú omi. Ìwúwo omi yẹn ń sọ òtítọ́ ju fóòtì lọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ fi nǹkan bojú. Ẹ fa omi sẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ sókè kí ohun tó ń léfòó lè dúró fúnra rẹ̀ láì fara kan ẹ̀gbẹ́ ìgò, ẹ gbé e sí déédéé ojú, ẹ kà á, ẹ dá omi náà padà sínú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti fà á. Ẹ má dà á sí òmíràn o. Ẹ ṣe mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ látòpin dé òpin. 1.265 ni bátìrì tó yó. 1.225 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 1.190 ìdajì. 1.155 ìdá kan nínú mẹ́rin. 1.120, kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ wà lórí 1.265 yẹn ṣá. Fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, wọ́n sábà máa ń fi ásíìdì tó fẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ sínú bátìrì, bíi 1.240, kí pléètì má bàa tètè jẹ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ yó ní 1.240, ẹ máa fún un ní ṣáàjì lọ láì débì kankan bí ẹ bá ń retí 1.265. Ẹ wo ara páálí rẹ̀ tàbí kí ẹ bi ẹni tó ta á. Ooru náà ń yí nọ́ńbà: 27°C ni wọ́n ṣe haidrómítà fún. Bí ásíìdì bá gbóná kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi 0.004 kún ohun tí ẹ kà fún gbogbo 5.5°C. Bátìrì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì lọ́sàn-án lè wà ní 38°C, 0.008 nìyẹn.

Èyí tó jù ni ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì sí sẹ́ẹ̀lì. Bí márùn-ún bá ka 1.240, tí ẹ̀kẹfà ka 1.180, kò sí àdúrà tó kù. Ìyàtọ̀ 0.050 ti tó láti sọ pé sẹ́ẹ̀lì kan ti ń kú. Bó bá kú tán, mítà á máa ka bíi 10.5V, torí márùn-ún ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá kéré bákan náà, ẹ má bẹ̀rù, ebi ló ń pa á, kò tíì ṣàìsàn.

Omi ńkọ́? Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ìgò, èyí tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ni kí ẹ lò. Kì í ṣe omi inú ọ̀rá, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe ti bóhóòlù. Irin àti kẹ́míkà tó wà nínú àwọn yẹn á máa mú kí bátìrì tú ṣáàjì rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ lórí ìdúró. Ẹ má sì bu ásíìdì sí i. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì ò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń bu ásíìdì sí i, haidrómítà á máa ka nọ́ńbà tó dára, inú rẹ̀ á sì máa jẹ pléètì lọ. Omi gbọ́dọ̀ bo pléètì ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan, lẹ́yìn tí ẹ ti fún un ní ṣáàjì tán ni kí ẹ sì bù ú. Bó bá jẹ́ pé pléètì ti yọ síta, ẹ bu ìwọ̀nba tí yóò kàn bò ó, ẹ fún un ní ṣáàjì, kí ẹ tó wá fi ìyókù dí i. Tí ẹ bá kún un dẹ́nu kó tó gba ṣáàjì, á ru, ásíìdì á dà sórí irin mọ́tò.

Tí ẹ bá gbé e lọ síbi ṣáàjì, ẹ bi wọ́n ní iye ámpù tí wọ́n fẹ́ fi lé e. Ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ ló tọ́: 62Ah, bíi 6A. Láti 12.4V, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin á tó. Láti ìdajì, bíi wákàtí mẹ́fà. Àwọn kan máa ń fi 25A tàbí 30A lé e kí oníbàárà lè tètè lọ. Ó ń hó nìyẹn o, ó ń gbọn òògùn ara pléètì dànù sísàlẹ̀, ẹ sì ti sanwó láti pa bátìrì yín. Ẹ gbé ọwọ́ lé ara rẹ̀: bí kò bá ṣeé gbọ́wọ́ lé, kí wọ́n dáwọ́ dúró. Bí haidrómítà bá ti ka nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, wákàtí kan láàárín ara wọn, ó ti yó. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbiná, nítorí náà kí sìgá àti wẹ́dà jìnnà síbẹ̀, kí wọ́n sì pa ṣájà kí wọ́n tó já wáyà rẹ̀.

Arìnnà_Ìkòròdú fèsì:

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi jẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, kò ní ìdérí. Ojú kékeré kan wà lórí rẹ̀, àwọ̀ ewé ló ń fi hàn. Ṣé mo lè fi ìyẹn dá ara mi lójú? Rewáyà àdúgbò wa sì máa ń já orí nẹ́gẹ́tífù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́: bí mọ́tò kò bá kú, ó ní alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní ṣáàjì) dára. Ṣé bó ṣe yẹ nìyẹn?

Rewáyà_Mókọ́lá fèsì:

Ojú yẹn, haidrómítà kékeré ni, inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló sì wà. Àwọ̀ ewé ń sọ pé sẹ́ẹ̀lì yẹn ní ṣáàjì tó ju ìdajì lọ dáadáa. Kò mọ ohun tó ń ṣe márùn-ún yòókù. Bó bá dúdú, ó fẹ́ ṣáàjì. Bó bá mọ́ gaara tàbí ó pọ́n ráúráú, omi ti gbẹ kọjá ibi ojú náà. Ẹ má fún irú rẹ̀ ní ṣáàjì, ẹ má sì fi ṣe jọ́ọ̀mpù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Mítà àti yíyí sítátà tí mo kọ lókè ni ẹ fi wo okun rẹ̀.

Ní ti jíjá orí bátìrì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe é sí mọ́tò yín mọ́. Ayé mọ́tò àtijọ́ onípọ́íǹtì àti kábúrétọ̀ nìyẹn ti wá. Bátìrì ló ń gbé agbára alternator mì bí ó bá fò sókè lójijì. Tí wọ́n bá já a níbi tí alternator ti ń tú iná jáde, fóòtì lè fò sókè dé ọ̀pọ̀ ìlọ́po 14V lójú ẹsẹ̀, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) àti rédíò ló máa gbà á. Brain box kan lè wọ́n ju bátìrì mẹ́ta lọ. Bákan náà ni kí wọ́n má fi sikurudíráfà kan orí méjèèjì pọ̀ láti wò ó bóyá ó ń ta iná. Bátìrì tó ti kú ní ìdajì ṣì lè ta iná bí mànàmáná, kò sọ nǹkan kan fún yín, ó sì lè bú gbàmù lójú yín.

Alternator, mítà lẹ fi ń wò ó láìtú ohunkóhun. Ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, mítà á wà lórí bátìrì: 13.8V sí 14.5V ló dára fún ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ẹ tan iná iwájú, fáànù àti AC, kò yẹ kó já kọjá 13.5V. Bó bá ju 15V lọ, ó ń se bátìrì ni, omi á máa gbẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Onímọ́tò_Ìbàdàn fèsì:

Nọ́ńbà rèé. Lẹ́yìn tó sùn mọ́jú: 12.43V. Nígbà tí sítátà ń fà: 11.2V lẹ́ẹ̀kíní, 11.3V, 11.2V, sítátà ò sì yára rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì jí: 13.8V. Tí a tan iná àti AC: 13.3V. A yá haidrómítà: 1.225, 1.225, 1.220, 1.225, 1.230, 1.225.

Rewáyà_Mókọ́lá fèsì:

Ẹ má ra bátìrì o. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń sọ ohùn kan náà, 11.2V sì ni lábẹ́ ẹrù, ìyẹn nígbà tí sítátà ń fà. Bátìrì tí okun rẹ̀ tán kì í dúró ní 11.2V kí sítátà máa fà. Òun ni ì bá kọ́kọ́ ṣubú. Ọ̀nà ló dí.

Ẹ wá ibi tó dí. Ẹ padà yọ fíúsì EFI. Mítà sí DC 20V. Wáyà pupa sára irin ẹ́ńjìnnì níbi tó mọ́, tí kò ní ọ̀dà, wáyà dúdú sórí òjé nẹ́gẹ́tífù. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọ̀nà bá mọ́, mítà kò gbọ́dọ̀ ka ju 0.2V lọ. Ohunkóhun tó bá lé lórí ìyẹn, fóòtì tí ìdọ̀tí ń jẹ lójú ọ̀nà ni, sítátà ò rí i lò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pupa sórí òjé pọ́sítífù, dúdú sórí ìdè ńlá ẹ̀yìn sítátà níbi tí wáyà bátìrì ti wọlé, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́. Apá yẹn lè dé 0.5V, bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti bàjẹ́.

Onímọ́tò_Ìbàdàn fèsì:

Apá pọ́sítífù: 0.2V. Apá nẹ́gẹ́tífù: 1.6V!

Rewáyà_Mókọ́lá fèsì:

A ti mú olè náà. Wáyà nẹ́gẹ́tífù ni, ibì kan tó ti so mọ́ gearbox tàbí ara mọ́tò. 11.2V ni bátìrì ń fi ránṣẹ́, 1.6V ti sọnù lójú ọ̀nà ìpadà, 0.2V lójú ọ̀nà àlọ, ohun tó kàn sítátà ò ju 9.4V lọ. Ó sì tún ṣàlàyé 12.43V yẹn. Ọ̀nà tí agbára ń gbà jáde náà ni ṣáàjì alternator ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí 13.3V péré fi ń dé orí bátìrì nígbà tí ẹrù bá wà. Ojoojúmọ́ ló ń jẹun àjẹìyó. Ní ti ọ̀sán, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ti ṣàn, bátìrì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣáàjì díẹ̀, sítátà ò fi bẹ́ẹ̀ nílò agbára. Láàárọ̀ ni àṣírí ń tú.

Spánà 10 ni fún orí bátìrì. Nẹ́gẹ́tífù ni ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà lẹ máa so kẹ́yìn, kí spánà má bàa kan irin mọ́tò nígbà tó wà lórí pọ́sítífù. Ẹ tẹ̀lé wáyà nẹ́gẹ́tífù dé ìdí, ẹ tú gbogbo ibi tó ti so. Ẹ ó rí ìpẹtà, tàbí ọ̀dà, tàbí nǹkan funfun àti aláwọ̀ aró. Ẹ po ṣíbí baking soda kan sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ orí bátìrì àti ìdè wáyà. Ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ wà ní dídì pinpin, torí bí omi yẹn bá wọ inú, á pa ásíìdì. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ. Ojú irin tí wáyà ń jókòó lé, ẹ fi sáńpépà ha á títí á fi dán. Ẹ tẹ wáyà fúnra rẹ̀ wò ní ẹ̀bá ìdè: bó bá le bí igi, tàbí bó bá wú, ásíìdì ti jẹ ẹ́ lábẹ́ rọ́bà, ẹ pààrọ̀ odidi rẹ̀. Ẹ má gé orí rẹ̀ kí ẹ fi ìdè ọjà so ó ní ẹnu-ẹnu, ibẹ̀ náà ló máa dí lọ́la. Ẹ so gbogbo rẹ̀ le, kí ẹ tó wá fi gíríìsì tàbí fasilíìnì pa òde rẹ̀. Lẹ́yìn síso ni o, kì í ṣe kó tó di síso.

Ọmọ_Yorùbá_Leeds fèsì:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fáwọn tó ń ra mọ́tò tòkunbọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa níbí. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tuntun tó ń pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nídìí iná ojú pópó, bátìrì AGM (èyí tí òwú gíláàsì fa omi ásíìdì rẹ̀ mu) tàbí EFB (ti olómi tí wọ́n fún lókun sí i) ló wà nínú wọn. AGM tó yó máa ń ka 12.8V àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá ti sinmi, nítorí náà 12.5V tó dára fún ti olómi ti jẹ́ ebi fún òun. Kò fẹ́ ṣáàjì tó ju bíi 14.7V lọ, torí omi tó bá gbẹ nínú rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Bí ẹ bá fi bátìrì olómi lásán rọ́pò rẹ̀, kò ní pẹ́.

CCA (Cold Cranking Amps) tí wọ́n kọ sára bátìrì, nínú ìwọ̀n SAE, ámpù tó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 30 ní -18°C ni, láì já kọjá 7.2V. Òtútù bẹ́ẹ̀ ò sí ní Ìbàdàn, torí náà ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi CCA ńlá gbowó lórí yín. Ìwúlò rẹ̀ fún yín ni pé àwọn ẹ̀rọ àyẹ̀wò kékeré ń fi í wo okun bátìrì. Ẹ tẹ iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú irú bátìrì tó jẹ́ àti bóyá SAE (ti Amẹ́ríkà) tàbí EN (ti Yúróòpù) ni ìwọ̀n náà. Bí páálí bá ní 500, tí ẹ̀rọ ka 480, ó dára. Bó bá ka 300, ẹ múra sílẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ò fẹ́ bátìrì tí ebi ń pa, ẹ má sì fi ẹnu rẹ̀ sórí ìdè tó dípẹtà, irọ́ ló máa pa fún yín.

Onímọ́tò_Ìbàdàn fèsì:

Ìdè ara gearbox ló kún fún ìpẹtà. A ti ha á, a ti so ó padà. Apá nẹ́gẹ́tífù nígbà tí sítátà ń fà: 0.1V. Orí bátìrì: 10.7V, sítátà sì ń yí bíi iná. Ṣáàjì pẹ̀lú iná àti AC: 14.0V. Ó yà mí lẹ́nu pé 11.2V ti di 10.7V, ṣé kò burú?

Rewáyà_Mókọ́lá fèsì:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ti là, sítátà ń rí ámpù tó pọ̀ fà, ẹrù bátìrì wá pọ̀ sí i. 10.7V láti orí bátìrì tí kò tíì yó, ara rẹ̀ le gan-an ni. Ẹ gbé e lọ gba 6A fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin bí Ilé_Ṣáàjì ṣe kọ, ẹ jẹ́ kó sinmi mọ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó wà ní 12.6V.

Bó bá wà ní 12.6V lálẹ́, tó sì di 12.3V lẹ́yìn òru méjì tí mọ́tò ò rìn, nǹkan kan ń mu ún nígbà tí ẹ ń sùn. Ẹ fi wáyà pupa mítà sí ihò 10A, ẹ yí mítà sí DC 10A, ẹ tú nẹ́gẹ́tífù, ẹ fi mítà sáàárín òjé àti wáyà tí ẹ tú. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ jìnnà, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 kí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò lè sùn. 0.05A tàbí ohun tó kéré sí i ló dára. 0.5A yóò mu 12Ah lójúmọ́, bátìrì 62Ah á ti dé ìdajì kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ máa yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí nọ́ńbà á fi já. Àláàmù, tírákà, rédíò onífóònù tí wọ́n so tààrà mọ́ bátìrì àti amplifier ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mítà bá wà lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, fíúsì inú rẹ̀ á jó. Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ dá wáyà pupa padà sí ihò V lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ẹni tó bá fi í sílẹ̀ ní 10A, tó wá lọ wọn fóòtì bátìrì lọ́jọ́ kejì, ó ti so orí méjèèjì pọ̀ nìyẹn.